Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Ní Kóró

Ìwé méjì ni mo kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn sí, ohun tí ọ̀kan sọ kò sì bá ti èkejì mu. Èkíní ni ìwé iṣẹ́, ìwé kékeré eléèpo líle tí mo máa ń mú lọ síbi tí a bá ti ń mú alángbá. Èkejì ni ìwé ìrántí tèmi, tí mo máa ń kọ nírọ̀lẹ́ nínú yàrá tí mo háyà ní Basawa, nígbà tí mo bá ti wẹ̀, tí mo sì ti jẹun. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì pẹ́ tí mo ti gbà pé ohun tí mo bá ti kọ sílẹ̀ ti di òtítọ́ nìyẹn. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Àlàfo tó wà láàárín ìwé méjèèjì kò ju ìlà kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn méjì ló wà nínú ìlà náà. Mo ti bi ara mi léèrè nípa rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé mo mọ ibi tí ìrántí parí sí àti ibi tí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ń kà á fi èyí sọ́kàn.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún oyè kejì ni wíwá àfòmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹranko afàyàfà tí ènìyàn kò sìn: alángbá, ọmọńlé, ọ̀gà, àti ejò tí ẹnikẹ́ni bá pa tó sì rántí láti gbé wá fún wa. Bí àfòmọ́ ṣe ń gbé orí igi emi, tó ń mu omi ara igi náà láìní gbòǹgbò tirẹ̀ nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn nǹkan abẹ̀mí tíntìntín wọ̀nyí ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni bí wọ́n ṣe ń ti ara kan bọ́ sí òmíràn. Ibà tiwa ènìyàn, ẹnu ẹ̀fọn ló ń bá wọlé. Ìjàpá inú odò, eṣúṣú ló ń gbé tirẹ̀ wá bá a. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń wá lára alángbá kì í bá ẹnu kòkòrò wọlé. Ẹ̀fọn, tàbí eégbọn, tàbí kòkòrò pupa wẹ́wẹ́ tó ń sá pamọ́ sí abíyá alángbá, yóò mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àfòmọ́ náà yóò dàgbà nínú ikùn kòkòrò. Lẹ́yìn náà ni alángbá kan yóò yí ọrùn padà, yóò fi ahọ́n gbé kòkòrò náà, yóò sì gbé e mì. Inú oúnjẹ ni àrùn náà wà. Ejò tó bá sì jẹ irú alángbá bẹ́ẹ̀ lè gba tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo pa ìwé dé. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ níbì kan, pé ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ gbé mì ni kì í ṣọ́ra fún.

Ẹni tó kọ́ mi ní bí a ṣe ń wo ẹ̀jẹ̀ ni àgbàlagbà ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù yunifásítì wa ní Samaru, ní ilẹ̀ Hausa, tó ku ọdún méjì kí ó fẹ̀yìn tì. Ará Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀. Sabon Gari ni wọ́n ti ń ta aṣọ kí wọ́n tó bí i. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní ìlànà kan tí n kò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí. Bí a bá po aró tuntun tí a fi ń kun ẹ̀jẹ̀ lórí gíláàsì, kò ní jẹ́ kí a fi kan gíláàsì alángbá kankan títí yóò fi fi abẹ́rẹ́ gún ìka òrùka ọwọ́ òsì ara rẹ̀, tí yóò tẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sórí gíláàsì, tí yóò sì fi dán aró náà wò.

Ó máa ń ní, “Aró tí kò bá mọ ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, ti ta ni yóò wá mọ̀?”

Kì í kọ nọ́ńbà sí gíláàsì yẹn. Ìlà kan ṣoṣo ni ó máa ń fi pẹ́ńsù fà sí etí rẹ̀, yóò sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín tiwa àti tiwọn. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ alángbá gùn roboto bí ẹyin, kóró dúdú kan sì wà láàárín rẹ̀. Ti ènìyàn kò ní kóró. Àárín rẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀, bí àwo tí wọ́n ti jẹ oúnjẹ inú rẹ̀ tán. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan kò lè ṣì wọ́n mú láéláé.

Ní ìgbẹ̀yìn òjò, nígbà tí àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti ń gbẹ, Bàbá sọ fún mi pé kí n má ṣe máa rin ìrìn àjò nítorí alángbá. Ó ní àwọn tó wà lára ògiri ilé òun ní Dogarawa pọ̀ ju àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé nìyẹn, pẹ̀lú igi tín-ín-rín tí a so okùn ọ̀ràá sí lórí, àlùmọ́gàjí, òwú, àpótí gíláàsì àti ìwé iṣẹ́ mi.

Ènìyàn méjì ni mo bá nílé pẹ̀lú rẹ̀: ìyàwó rẹ̀ tí mo ń pè ní Màmá, àti àbíkẹ́yìn wọn obìnrin, tí wọ́n gbé fún ọkọ ní Funtua ní ọdún tó kọjá. Oyún àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀, ó ti wọ oṣù keje. Àṣà àwọn Hausa, tí àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ níbẹ̀ náà ti mú, ni pé ilé ìyá ni aboyún àkọ́kọ́ ń padà wá bí ọmọ sí. Wọ́n ti lé làálì sí i lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìka rẹ̀ pọ́n, orí ìka náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ike yìnyín tí wọ́n ń pè ní kànkárà níbẹ̀, ó ń rún un wómúwómú.

Ó fi Hausa kí mi kú iṣẹ́, ó ní, “Àǹtí Alángbá, sannu da aiki.”

Mo dá a lóhùn. Màmá yọ jáde láti ilé ìdáná.

“Ọmọ mi, gbogbo ìwé tí o kà yìí, ẹ̀jẹ̀ alángbá ló já sí?”

Bàbá ní, “Haba, ẹ fi pùrófẹ́sọ̀ mi sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò kàwé, kí ni tiyín já sí? Ṣebí ọbẹ̀ ni.”

“Ọbẹ̀ tí ẹ ń jẹ, tí ẹ sì ń lá ọwọ́.” Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ, má ṣe fọwọ́ kan alángbá kankan níhìn-ín o. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá fọwọ́ kan alángbá nínú oyún, orí ni yóò máa mì títí ayé.”

Ọmọ náà ju yìnyín kan sẹ́nu. “Màmá, bó bá ń mi orí, ṣebí gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ni yóò máa gbà.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín náà dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fura sí i. Ohun tí mo rántí dáadáa ni mo ti rò jù.

Mẹ́tàlélógún ni alángbá tí a mú kí oòrùn tó wọ̀ díẹ̀. A ó ju okùn sí i lọ́rùn, ẹnì kan yóò dì í mú, èmi yóò fi àlùmọ́gàjí gé ṣóńṣó ìrù rẹ̀ díẹ̀ bíńtín, n ó fi gíláàsì gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó bá sun níbẹ̀, n ó tẹ́ ẹ, n ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí i létí, a ó sì jẹ́ kí alángbá náà máa lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ní Basawa, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí mi báyìí: “Bàbá ló di gbogbo wọn mú, láti orí èkíní dé orí ìkẹtàlélógún. Ilé tó dùn. Màmá fún mi ní àkàrà kósè mú lọ.”

Aró wa tán ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí tuntun tó ti Kano dé. Àwọn gíláàsì náà wà nínú àpótí wọn, ẹ̀jẹ̀ orí wọn ti gbẹ, a sì ti rì wọ́n sínú sípírítì kí ẹ̀jẹ̀ náà má baà ṣí kúrò. Kò sí ohun tó ń kánjú nínú iṣẹ́ wa. Ẹ̀jẹ̀ orí gíláàsì kì í ṣàìsàn sí i.

Nígbà tí aró dé, Bàbá gún ìka rẹ̀, ó dán an wò, ó ní ó dára. A kun gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdé ni mo jókòó tì wọ́n. Nínú ìkẹta mo rí ohun tí mo ń wá: ohun kan tó tẹ̀ bí ẹ̀wà, tó dùbúlẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì alángbá, tó sì ti kóró sẹ́ẹ̀lì náà sí ẹ̀gbẹ́, bí àlejò tó ti onílé sí etí ibùsùn. Mo tún rí i nínú ìkeje àti ìkejìlá. Inú mi ń dùn bọ̀. Mo gbé ìkẹtàdínlógún síbẹ̀, mo sì kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe bàìbàì. Mo wá kóró, n kò rí kóró. Mo sún gíláàsì náà síwájú, mo sún un sẹ́yìn. Rìbìtì ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àárín wọn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló jẹ́ kí n gbé ojú kúrò kí n tó tún gbé e padà. Òrùka tín-ín-rín aláwọ̀ búlúù, olókùúta pupa kan. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ iṣẹ́ wa mọ òrùka yẹn. Ibà ni. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, lẹ́yìn wíwá pẹ́. Lórí gíláàsì yìí n kò wá a. Níbi gbogbo tí mo sún un dé ni òrùka wà. Nínú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, méjì ló wà. Ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ yìí, bó bá ṣì wà láàyè, ó yẹ kí ó ti dùbúlẹ̀.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí ni n kò lè ṣe àlàyé rẹ̀ fún ara mi. Mo lọ wo ìwé ìrántí. Ó sọ fún mi pé Bàbá ló dì í mú. Mo wá parí rẹ̀ nínú ara mi pé èékánná alángbá ló ya Bàbá lọ́wọ́, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà mí fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Wẹ́sidé ni mo ní láti fi iṣẹ́ náà hàn ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà, ó sì tì mí lójú pé n óò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wọ inú àpótí alángbá mi. Ẹni tí kò mọ ti ta ni ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ta ni yóò gba ìyókù gbọ́ lẹ́nu rẹ̀? Mo kọ “ó bàjẹ́” sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà. Ní ọjọ́ Túsidé mo wo Bàbá láti ẹ̀yìn bí ó ṣe ń fọ ìgò. Ó ń kọrin sínú, kò sì jọ ẹni tí ń ṣàìsàn. Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú. Ọ̀gá mi yìn mí ní Wẹ́sidé.

Ọjọ́ Tọ́sidé ni mo tó sọ fún Bàbá.

Mo ní, “Bàbá, ẹ dákun, ṣé ara yín le?”

“Ara mi le. Kí ló dé? Ṣé wọ́n ti ń pín ipò mi ni?”

Mo gbé gíláàsì náà sí i níwájú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ ojú mọ́ maikirosíkóòpù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

“Níbo lo ti rí èyí?”

“Nínú àwọn ti Dogarawa ni. Ìkẹtàdínlógún. Mo rò pé tiyín ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ dì í mú.”

“Èmi?” Ó ronú. “N kò rántí pé alángbá kankan ya mí.”

“Mo kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Bí o bá ti kọ ọ́, a jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí mi ti di orí arúgbó.”

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á dúró díẹ̀ síbí, bí èmi náà ṣe ti dúró síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìrántí bàbá yẹn ló tọ́. Ìwé mi ni mo fi tì í sẹ́yìn.

Ó gún ìka rẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a kùn ún, a wò ó. Kò sí òrùka kan níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, ó gún tèmi náà. Kò sí. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwa méjèèjì pẹ̀lú òwú lọ́wọ́.

Ó ní, “Nígbà náà, ẹnì kan wà níbì kan tó ń gbé gbogbo èyí kiri nínú ara. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. To, ó dáa. Ta ló tún wà níbẹ̀?”

“Ẹ̀yin àti èmi nìkan ló fọwọ́ kan alángbá, Bàbá.”

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lójú pé mo sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó wà nínú ìwé ìrántí ọjọ́ Tọ́sidé náà, àti nítorí ohun tí Bàbá fi dá mi lóhùn. Àwọn Hausa ní òwe kan nípa alángbá tó dúró sí ẹnu ìkòkò omi: bí o bá sọ ọ́ lókùúta, ìkòkò á fọ́; bí o bá fi í sílẹ̀, omi á bàjẹ́. Ó pa òwe náà, ó ní irú alángbá yẹn ni gíláàsì yìí. Ó ní bóyá gíláàsì tí ẹlòmíràn ti lò rí ni, tí wọn kò fọ̀ dáadáa. Bí ó ti ń wọ ẹ̀wù rẹ̀ láti máa lọ sílé, mo béèrè àwọn ará ilé.

“Àlàáfíà ni wọ́n wà. Ọmọ yẹn ló ń sùn ṣáá. Oyún ti wọ̀ ọ́ lára, kànkárà nìkan ló ń jẹ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó lọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ṣí ìwé iṣẹ́ láti fa ìlà sórí nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Ọwọ́ kánkán ni mo fi kọ ọ́ ní ọjọ́ náà: “Akọ, orí pupa, kòkòrò pupa ní abíyá méjèèjì.” Ní etí ojú ìwé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn gan-an, ojú àtàǹpàkò kan wà, aláwọ̀ ọsàn, tí ìlà wẹ́wẹ́ rẹ̀ ṣì hàn. Làálì ni. Ọwọ́ tó tutù fún omi yìnyín ló gbé ìwé náà.

Gbogbo rẹ̀ padà wá lẹ́ẹ̀kan. Àbí kí n sọ pé mo dẹ́kun dídí ọ̀nà mọ́ ọn? Wọ́n ti pe ìrun ọ̀sán ní Sátidé náà. Bàbá ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, Màmá wà nínú ilé tó ń ṣe àlùwàlá. Akọ alángbá kan tó tóbi bọ́ sínú okùn mi, n kò sì lè dá dì í mú kí n tún gé e. Ọmọ náà ti dìde kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Àǹtí, ẹ mú un wá, kí n bá yín dì í mú.”

“Màmá á bínú.”

“Màmá kò sí níbí. Ẹ tètè, kó tó já.”

Ó fi ìka méjì mú ìrù rẹ̀. Alángbá náà jà bí mo ṣe ń pa àlùmọ́gàjí dé, ọmọ náà sì fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Mo béèrè bóyá ó gé e. Ó wo ìka rẹ̀, èmi náà wò ó, kò sí ohun tí a rí lára ìka tó ti dúdú fún làálì. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan wà ní ṣóńṣó ìrù, mo sì rò pé ti alángbá ni. Mo gbà á. Ó bá mi gbé ìwé tó ti bọ́ sílẹ̀.

“Ẹ má sọ fún wọn o. Màmá á ní mo ti ṣe ọmọ ọmọ òun léṣe.”

“N kò ní sọ.”

N kò sì sọ. N kò sọ fún Bàbá, n kò sọ fún Màmá, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́ n kò sọ fún ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà bí kò ṣe èmi. Mo ti wá ìdí rẹ̀ títí. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹni tí kò bá sí lára iṣẹ́ kò gbọdọ̀ di ẹranko mú, bóyá ìyẹn ni mo ń bò. Bóyá mo kàn fẹ́ kí ọjọ́ náà dára lójú ìwé. Ohun tí n kò mọ̀ títí di òní ni bóyá mo gbàgbé ní tòótọ́ ní Mọ́ńdé yẹn, tàbí mo ti rántí, tí mo sì lọ bẹ ìwé wò kí ó lè bá mi purọ́.

Nọ́ńbà Bàbá wà lórí fóònù mi. N kò pè é. Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Basawa, mo tún wọ òmíràn ní Kwangila. Dírébà ń ṣàwàdà nípa òjò tó kọ̀ láti lọ, n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ní Dogarawa, àwọn alángbá wà lára ògiri nínú oòrùn, wọ́n ń mi orí.

Ọmọ náà wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ṣí ojú.

“Àǹtí Alángbá. Ẹ tún ti dé? Èyí tí ẹ mú kò tó?”

Mo yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè. Ibi tí làálì kò dé funfun bí òwú. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀, kò sí pupa níbẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbóná ju tèmi lọ. Ó ń mí bí ẹni tó gun òkè, ó sì dùbúlẹ̀.

Mo béèrè, “Ṣé o lo oògùn ibà tí wọ́n ń fún aboyún?”

“Wọ́n fún mi ní Funtua. Ó ń mú èébì gbé mi, mo dá a dúró. Mo ní bí mo bá dé ọ̀dọ̀ Màmá n ó tún bẹ̀rẹ̀.”

Màmá jáde, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. “Kí ló dé? Oyún náà ló wúwo. Bí èmi náà ṣe rí nìyẹn lórí tàkọ́kọ́.”

Mo ní, “Màmá, ẹ mú ìborùn yín. Ilé ìwòsàn là ń lọ.”

Ó wo ojú mi, ó sì wọlé lọ mú un.

Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, wọ́n sì rí òrùka tí mo ti rí ní Mọ́ńdé. Bàbá dé láti ibi ìrun Jímọ́ọ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti ọmọ rẹ̀ mu. Mo rí i bó ṣe ká apá aṣọ rẹ̀ sókè tó sì na apá òsì. Ó jókòó tì mí lẹ́yìn náà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọ́ mi níṣẹ́, ṣùgbọ́n ògiri ló ń wò.

“Oyún àkọ́kọ́ ni ibà yìí fẹ́ràn jù. Inú ibi ọmọ ló ń sá pamọ́ sí, ara kò sì ní gbóná. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń rún yìnyín lójú mi ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára ṣe máa ń ṣe.” Ó kọjú sí mi. “Báwo lo ṣe mọ̀ pé kí o lọ?”

Mo ní mo kàn fura ni.

Ó bí ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, kí àsìkò tó tó. Obìnrin ni, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ tí Màmá ti rà fún un fi bò ó tán. Ìyá rẹ̀ yè. Ọmọ tuntun náà mí fún ọjọ́ mẹ́rin, ní ìkarùn-ún ó dákẹ́. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò tíì pé, nítorí náà kò sí orúkọ tí wọ́n lè fi pè é nígbà tí wọ́n ń sin ín.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, Màmá wà níta pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò. Ìyá ọmọ nìkan ló wà nínú yàrá. Làálì ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣí, ó ku orí èékánná. Ó wo ilẹ̀kùn kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Àǹtí, ṣé alángbá yẹn ni?”

“Rárá.”

“Ẹ má tàn mí. Màmá ti kìlọ̀ fún mi, mo fi ṣẹ̀sín.”

Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un. Mo sọ pé ohun tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ alángbá kò lè gbé inú tiwa, pé ara wa jẹ́ ilẹ̀ tí kò ti lè hù. Mo sọ pé ẹ̀fọn ló gbé tirẹ̀ wá, bóyá kí ó tó kúrò ní Funtua, pé bí kò bá fọwọ́ kan alángbá ni, ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀ rárá. Ó ń gbọ́, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i pé kò gbà mí gbọ́. Ohun tó lè jẹ́ kí ó gbà mí gbọ́ ṣì kù, òun ni mo sì gbé mì láti ọjọ́ Sátidé yẹn. Mo sọ ọ́. Mo sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé mo rí i ní Mọ́ńdé, pé Ẹtì ni mo dé, nítorí pé mo ti kọ orúkọ baba rẹ̀ síbi tí tirẹ̀ yẹ kí ó wà.

Ó dẹ́kun mímì orí.

Ó ní, “Ẹ lọ sọ fún Bàbá.”

Mo bá a ní láàbù ní ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo gbé ìwé méjèèjì sórí tábìlì níwájú rẹ̀, mo ṣí ìkíní síbi ojú àtàǹpàkò, ìkejì síbi ìlà tí mo kọ. Ó ka ìlà náà. Ó gbé ìka rẹ̀ lé àtàǹpàkò náà, ó gbé e kúrò. Kò bú mi. Mo ti fẹ́ kí ó bú mi. Ó ní kí n gbé gíláàsì kẹtàdínlógún wá. Ó fi ìrésà pa nọ́ńbà mi rẹ́ ní etí rẹ̀, ó mú pẹ́ńsù, ó kọ “ọmọ mi” síbẹ̀, ó sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú àwọn gíláàsì ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi bóyá ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi pẹ́, láti Mọ́ńdé sí Ẹtì, ló ṣe é. Mo ti bi dókítà kan léèrè bí ẹni tó ń béèrè fún ẹlòmíràn. Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Aró tuntun dé ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Bàbá pò ó, ó nu ọwọ́, ó mú abẹ́rẹ́ tuntun jáde nínú bébà rẹ̀. Mo dúró kí ó gún ìka òrùka ọwọ́ òsì rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ mi ló mú. Mo rò pé ó dì í mú le ju bó ti yẹ lọ. Ó gún mi, ó tẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì na pẹ́ńsù sí mi.

Ó ní, “Kọ ọ́ síbẹ̀. Ti ta ni?”

Mo kọ orúkọ mi.